Ìkọ́ Tí Ìyàwó Máfòyà Mú

Máfòyà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó fi orúnkún ti ìdí píkọ́ọ̀pù náà, ó sì fi àtàǹpàkò sàmì sára ṣòkòtò rẹ̀ níbi tí irin ìdí ọkọ̀ ti kàn án. Àwọn méjì tó wá ra táyà dúró, wọ́n ń wò ó. Oníṣọ́ọ̀bù páàtì ọkọ̀, ọkùnrin sísanra kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, na téèpù sí i.

"Bàbá, téèpù rèé."

"Orúnkún mi ni téèpù mi," ni Máfòyà dá a lóhùn. "Kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe téèpù yẹn ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí wọn tírélà."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ká téèpù rẹ̀ jọ.

Kò parọ́. Iṣẹ́ lọ́rì ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe. MÁ FÒYÀ ni wọ́n kọ síwájú lọ́rì àkọ́kọ́ tó wà. Lọ́rì náà ti di irin àlòkù tipẹ́, wọ́n ti yọ́ ọ, wọ́n ti fi rọ ìkòkò, ṣùgbọ́n orúkọ náà lẹ̀ mọ́ dẹ́rẹ́bà rẹ̀ títí di òní. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó kúrò nílé, ó ti gbé tírélà kékeré ìyàwó rẹ̀ dúró kó dọ́gba, ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ẹnu rẹ̀, ó sì ti rí i pé ìka méjì ló fi ga ju orúnkún òun lọ. Ohun tó kù ni kí orí ìkọ́ tuntun náà ga tó ìka méjì lókè orúnkún kan náà. Ta ló ń bèèrè téèpù lọ́wọ́ ẹni tó mọ ara rẹ̀ tó báyìí?

Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí kò fi gba téèpù náà, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké ti ń di èèrà mọ́ ọn lójú. Ojú òsì ló burú jù. Kùrukùru funfun kan bò ó, bí ẹni wo ìta láti inú ilé tí wọ́n ta ọ̀rá sójú fèrèsé rẹ̀. Ó ti fi omi tútù bọ́ ọ, ó ti fi omi gbígbóná bọ́ ọ, ó ti dá eruku lẹ́bi, ó ti dá àìsùn lẹ́bi. Dókítà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mọ ohun tí dókítà yóò sọ: ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Máfòyà, kí ló kù tí wọn yóò máa pè ní Máfòyà?

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní táyà. Inú tírélà aláwọ̀ ewé náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà, pẹ̀lú tábìlì ìlọṣọ àti dígí gígùn kan. Láti ilé-ìwé dé ibùdó panápaná, láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn, òun ló ń tún yunifọ́ọ̀mù wọn ṣe, ọkọ rẹ̀ ló sì ń fa ṣọ́ọ̀bù náà kiri. Inú oṣù tó kọjá ni píkọ́ọ̀pù wọn àtijọ́ dákú tí kò jí mọ́. Èyí tí wọ́n rà rọ́pò rẹ̀ ga jù ú lọ, nígbà tí wọ́n sì fi ìkọ́ àtijọ́ so tírélà mọ́ ọn, ńṣe ni imú tírélà gbé sókè bíi ti ajá tó gbóòórùn ẹran. Ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ni wọ́n fi rìn bẹ́ẹ̀. Ìdí tírélà ń jù sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ọ̀nà, ẹ̀rọ kan yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ó lọ fọ́ dígí. Lọ́la, ilé ìwòsàn ńlá kan ń retí aránṣọ. Kò ṣeé ṣe kí wọ́n dé ibẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó ń wojú ọ̀run.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé ìkọ́ méjì síwájú wọn lórí pátákó. Ọ̀kan jẹ́ irin kan ṣoṣo tó tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, pẹ̀lú orí rógódó tí ẹnu tírélà ń jókòó lé. Èkejì wúwo jù ú. Irin gíga kan tó dúró ṣánṣán ni, wọ́n lu ihò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, píìnì méjì ló sì di orí rógódó náà mú. Bí èèyàn bá yọ píìnì, ó lè gbé orí náà lọ sí ihò òkè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, bí ọkọ̀ tó fẹ́ fi fà á bá ṣe ga tó.

"Èyí," ni Máfòyà wí, ó gbá ọrùn pẹ́pẹ́yẹ létí. "Irin tí kò ní oríkèé, kò ní ibi tí yóò ti yẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé oníhò náà, ó gbé e mọ́ àyà.

"Èyí ni mo fẹ́, Dádì."

"Kí la fẹ́ fi gbogbo ihò yẹn ṣe? Ọkọ̀ kan la ní. Tírélà kan la ní."

"Èyí náà ni mo fẹ́."

Oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tí kò mọ̀ pé iná wà lábẹ́ eérú, fi ẹ̀rín dá sí i. "Màmá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, Bàbá. Bó bá di ọjọ́ tí ọkọ̀ mìíràn fẹ́ fà á, ẹ kàn máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ ń pákì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti bi mí bóyá yóò bá mọ́tò ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mu. Mo ní yóò bá a mu dáadáa."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìborùn nu eruku tí kò sí lára irin náà. "Èèyàn kì í mọ̀la," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Máfòyà lára bí abẹ́rẹ́. Mọ́tò ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wo? Ẹyọ kan ló mọ̀ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ti àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọkùnrin náà ń wá láìpẹ́ yìí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jókòó sínú mọ́tò, wọ́n á lọ, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó dé. "Òwú la lọ rà," lobìnrin náà máa ń wí. Òwú! Wọ́n ra òwú títí, bí ẹni fẹ́ rán aṣọ fún òkè. Bí Máfòyà bá sì wọlé bá wọn, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ooru. Òun ò bèèrè, torí kò fẹ́ jẹ́ àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí nínú mọ́tò náà ló wá hàn síta báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù páàtì, lójú àwọn tó wá ra táyà: wọ́n fẹ́ máa fa tírélà náà láìsí òun.

Ó dùn ún wọ egungun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jà níta, ará ìta ni yóò bá a dá ẹjọ́ náà.

"Ẹ gbé e wá," ló wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ti irin náà bọ inú ihò onígun mẹ́rin tó wà lábẹ́ ìdí píkọ́ọ̀pù. Ó tún gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó wọn orúnkún, ó ka ìka méjì sókè, ó fi ọwọ́ wá ihò tó bá a mu, ó sì ti píìnì bọ̀ ọ́. Wọ́n yí tírélà, tí wọ́n ti rọra fi ìkọ́ àtijọ́ fà dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wá, wọ́n sọ ẹnu rẹ̀ kalẹ̀ lé orí rógódó náà, ó dún kó. Máfòyà bọ́ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí bí ẹni wo ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

"Ó ti dọ́gba," ló wí.

Àwọn tó wá ra táyà wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni oníṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Bàbá, ẹ ò ní pa mí. Imú rẹ̀ ṣì ń wojú ọ̀run."

Máfòyà bá a rẹ́rìn-ín, torí kí lèèyàn tún lè ṣe? Ó tún wò ó. Àwọ̀ ewé ló rí, àti ìmọ́lẹ̀ funfun tó dà bo àwọ̀ ewé náà. Ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, kò rí i. 

Ìyàwó rẹ̀ kò wo tírélà. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Bàtà yín ni, Dádì," ló wí, ó gbé ohùn sókè díẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Slípáàsì lẹ wọ̀ nígbà tí ẹ wọn ẹnu tírélà nílé. Ẹ wá lọ wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga tí mo rà fún yín. Ó ti gbé orúnkún yín kúrò níbi tó wà láàárọ̀."

Àwọn tó wá ra táyà rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan di ikùn mú. Oníṣọ́ọ̀bù ní òótọ́ ni, pé òun kò tíì rí orúnkún tó ń wọ bàtà rí. Láàárín ẹ̀rín náà, obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ẹnu tírélà kúrò, ó yọ píìnì, ó sọ orí ìkọ́ kalẹ̀ sí ihò tó tẹ̀ lé e, ó dì í padà. Nígbà tí wọ́n tún sọ tírélà kalẹ̀ lé e, ó tẹ́ bí tábìlì. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹn náà Máfòyà rí, tàbí ó gbọ́ ọ, nínú bí píìnì ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló kọ́ ọ? Ó mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Wọ́n bọ́ sójú títì. Máfòyà ń wakọ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ìyàwó rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni tó ń ti bárò lọ lápá òsì yẹn, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló la títì." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Iná ti pọ́n níwájú yẹn, ẹ ò rí i bí gbogbo wọn ṣe dúró." Kò pẹ́: "Wọ́n mà tún ti gbẹ́ kòtò síbí o. Kòtò tí wọ́n dí lánàá náà ni wọ́n tún gbẹ́."

Máfòyà dúró níbi iná, ó yẹ kòtò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà ń hún un létí bí iyanrìn.

"Ẹnu kì í rẹ̀ ẹ́ ni? Gbogbo ohun tó bá ti wà lójú títì ni o gbọ́dọ̀ ròyìn?"

"Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni, Dádì."

"Dákẹ́ fún mi. Ìwọ àti àbúrò rẹ ẹ ti sọ̀rọ̀ tó."

Ó dákẹ́. Ó yí ojú sí i, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan di ìlẹ̀kùn mú.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dára. Tírélà ń tẹ̀ lé wọn láìjù sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò tiẹ̀ dà bí ẹni pé nǹkan wà lẹ́yìn wọn. Máfòyà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ bí wọ́n bá délé, èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ, èyí tí yóò fi gbẹ̀yìn. Títì ṣófo. Kò sí bárò, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń sáré kọjá. Ó yà á lẹ́nu pé irú àkókò yìí lọ́sàn-án ni títì ṣófo tó bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ iná mọ́ ọkọ̀ díẹ̀.

"Dádì, ẹ dúró."

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí sítíárìn kó tó sọ ọ́ tán, ó ń fà á sọ́tùn-ún. Máfòyà fi gbogbo ara lé bíréèkì. Táyà ké, ohun kan wó nínú tírélà, ọkọ̀ fi imú kanlẹ̀, ó sì dúró.

Obìnrin kan dúró síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní apá òsì. Agbálẹ̀ títì ni, ìgbálẹ̀ onígi gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n máa ń fún wọn ló wọ̀, aláwọ̀ ọsàn tó ń dán, tí wọ́n dìídì ṣe kí ẹni tó wà lókèèrè lè rí i. Ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò pariwo, kò ṣépè. 

"Ṣé ẹ ò rí mi ni, Bàbá?"

 Ìyàwó Máfòyà ló bọ́ sílẹ̀, ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń kí i kú orí ire, títí obìnrin náà fi mí kanlẹ̀ tó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó náà padà wọnú ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ ti wọ́ ọkọ̀ sétí ọ̀nà, ó ti pa á. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí sítíárìn.

Títì kò ṣófo rí. Òun tìkára rẹ̀ mọ̀ báyìí. Bárò wà níbẹ̀, kòtò wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá lọ wọ́n ń kọjá bọ̀. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ẹnu kó wọn sójú títì fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun sì rò pé ọjọ́ ogbó ló sọ ọ́ di aláròyé. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́yìn tó ní kó dákẹ́ tí èyí fi ṣẹlẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ló bèèrè.

"Láti ọjọ́ tí ẹ kí ẹ̀wù tí mo so kọ́ sẹ́nu ọ̀nà." Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ní, 'Mọ́mì, o ti dé?' Inú ilé ìdáná ni mo wà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá."

"O ò sì sọ fún mi."

"Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi í hàn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ojú yín, mo fẹ́ kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Mò ń retí. Ojoojúmọ́ ni mo ń gun ọkọ̀ yìí, tí ọkàn mi ń já, tí mo ń retí." Ó tún ìborùn rẹ̀ so. "Àbúrò mi ń kọ́ mi lọ́kọ̀. Mo ní bó bá di ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, iṣẹ́ ò ní dúró, ẹ ò sì ní sọ pé torí iṣẹ́ mi lẹ ṣe gbọ́dọ̀ máa wà á. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n wà, ó sì relẹ̀. Ìdí tí mo fi mú oníhò nìyẹn."

 Ojú ti Máfòyà. Ó ti fẹ́ dé ilé lọ pe obìnrin yìí ní ọ̀dàlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ti tò sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo jù lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kì í bà á lórí òkè tí bíréèkì lọ́rì ti já. Ó ń rí ọwọ́ agbálẹ̀ náà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun náà ló rí kedere jù láti ọjọ́ yìí.

"Ilé ìwòsàn tí à ń lọ lọ́la," ni ìyàwó rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́, "wọ́n ní dókítà ojú. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ní in o."

Máfòyà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ ara bọ́nẹ́ẹ̀tì yí iwájú ọkọ̀ ká. Ó gbóná lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ìlẹ̀kùn kejì, obìnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

"Sún," ló wí. "Lọ sọ́hùn-ún."

"Ọkọ̀ yìí ga, Dádì. Mi ò tíì fa nǹkan rí."

"Mo mọ̀. Sún."

Ó sún. Ó fa àga síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó bíréèkì, ó tún dígí ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Máfòyà gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Má wo tírélà," ló sọ fún un. "Ó ń bọ̀. Bó o bá fẹ́ yà, má tètè yà, lọ síwájú dáadáa kó o tó yí ọwọ́. Kò kánjú, ìwọ náà má kánjú."

Wọ́n gbéra. Ọkọ̀ já síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó fara balẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ó jẹ́ kí wọ́n fọn ún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di sítíárìn mú, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ti ní títì tirẹ̀ láti máa wò, kò lè ráyè ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Máfòyà yí ojú sí fèrèsé. Àwọ̀ ń kọjá, pupa, funfun, òmíràn dúdú, kò sí èyí tó dúró kó di nǹkan. Ó retí kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ó retí títí. Kò tíì gbọ́ kí ọkọ̀ dákẹ́ tó báyìí rí, bí ẹni pé wọ́n ti kó gbogbo ayé kúrò níta.

"Kí ló wà níwájú?" ló bèèrè níkẹyìn.

Ìyàwó rẹ̀ kò yíjú sí i. "Bọ́ọ̀sì kan ni. Ó jìnnà díẹ̀."

"Apá òsì ńkọ́?"

Ó wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. "Lápá òsì, ilé alájà kan wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ọkùnrin kan gun àkàbà, ó ń fọ fèrèsé òkè. Ìyàwó rẹ̀ ló di àkàbà mú nísàlẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mi ò mọ̀. Obìnrin náà ń bá a sọ̀rọ̀ lókè."

Máfòyà mi orí. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ó tún bi í léèrè.